Draft 2025: orúkọ Yorùbá tún jáde. Kí lẹ rí lára àwọn ọmọ wọ̀nyí kí wọ́n tó yàn wọ́n?

Àrẹ̀mọ_Houston

Ẹ kú ilé o, gbogbo ilé. Draft ti parí ní Green Bay bí oṣù kẹrin ṣe ń lọ sópin, mi ò sì tíì rí ẹni tí mo máa sọ ohun tó wà nínú mi fún. Oluwafemi Oladejo, ọmọ yunifásítì UCLA, bọ́ sọ́wọ́ Tennessee Titans ní ìpele kejì, ipò 52. Mo ti kọ ọ́ síbí lóṣù kejì pé ìpele kẹta ni mo fi í sí, àwọn kan sì ní torí orúkọ ni mo ṣe ń gbè é. Àwọn Titans gbé e ga ju ibi tí èmi gan-an gbé e sí lọ.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà: draft ni ìgbà tí ẹgbẹ́ 32 tó wà nínú NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó ga jù, máa ń yan àwọn ọmọ yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe é, ìpele méje ni. Ẹgbẹ́ tó ṣe dáadáa jù ní sáà tó kọjá ló ń yàn kẹ́yìn. Ọmọ 257 ni wọ́n yàn lọ́dún yìí. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́ta tó ti jáde nílé ẹ̀kọ́ girama kò lè wọ̀ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò rèé. Ní yunifásítì Cal tí Oladejo ti bẹ̀rẹ̀, àti nígbà tó kọ́kọ́ dé UCLA, linebacker ni: ẹ̀yìn ìlà àkọ́kọ́ ló ń dúró sí, tó ń ṣọ́ ibi tí bọ́ọ̀lù máa gbà. Inú sáà 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sún un sí etí ìlà, pé kó máa lé quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kejì. Sack, ìyẹn kéèyàn mú quarterback bolẹ̀ kó tó ju bọ́ọ̀lù, 4.5 ló rí mú ní sáà yẹn. Ẹni tó bá ka iye yẹn nìkan á ní kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n mo fi eré ìbẹ̀rẹ̀ sáà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìparí, mo wò wọ́n tẹ̀lé ara wọn lálẹ́ ọjọ́ kan. Lákọ̀ọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ kàn ń gbọ̀n ni, àyà ló fi ń kọlu ẹni tó dojú kọ ọ́. Nígbà tó yá, ọwọ́ ló ń ṣáájú àyà. Oṣù díẹ̀ ló fi kọ́ ohun tí àwọn ẹlòmíì fi ọdún mẹ́ta kọ́.

Torí náà, ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi lórí ọmọ yunifásítì kì í ṣe "sack mélòó ló ní?" Mo máa ń béèrè pé, ó ti tó ìgbà wo tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ibo ló sì ti bá a dé? Ọ̀pọ̀ ọmọ wa níbí ló pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, torí ìwé ni òbí wọn fẹ́, tàbí torí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni bàbá wọn mọ̀. Tí a bá fi iye sack nìkan wọ̀n wọ́n, a ó máa rẹ́ wọn jẹ.

Tísà_Bọ́ọ̀lù

Àrẹ̀mọ, àbúrò mi, mo bá ọ yọ̀ lórí Oladejo. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí o gbà yìí, èmi náà ti gba ibẹ̀ rí, mo sì ṣubú níbẹ̀. "Ó ṣì ń kọ́ṣẹ́, ẹ fún un láyè." Ohun tí mo sọ nípa Adetomiwa Adebawore lọ́dún 2023 nìyẹn.

Ẹ rántí ọjọ́ yẹn. Northwestern ló ti gbá bọ́ọ̀lù. Ó dé Combine ní Indianapolis, ó wọn pọ́n-ùn 282, ó wá sá yáàdì 40 ní ìṣẹ́jú àáyá 4.49. Ẹni tó wúwo tó bẹ́ẹ̀! Mo dìde lórí àga. Mo kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ tó bá jẹ́ kó kọjá ìpele àkọ́kọ́ á kábàámọ̀. Ipò 110 ni Colts ti yàn án, ìpele kẹrin. Sáà méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ kọjá, kò di ẹni tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré.

Mo padà lọ wo fídíò rẹ̀ ní Northwestern, lẹ́ẹ̀kejì, láìrántí yáàdì 40 yẹn. Ohun tó yẹ kí n ti rí wà níbẹ̀. Ara rẹ̀ bọ́ sáàrin iṣẹ́ méjì. Bó bá wà láàrin ìlà, àwọn tó wọn ju 300 lọ á gbé ara lé e. Bó bá wà létí, kò lè tẹ èjìká sísàlẹ̀ kó yí kọ́nà bí àwọn tó fúyẹ́. Ta ló sì ń sá yáàdì 40 tààrà lọ bá quarterback? Yáàdì mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ wà, inú èrò sì ni.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn ni mo ń wá lára ọmọ yunifásítì báyìí. Eré mélòó ló ti bẹ̀rẹ̀? Àwọn wo ló ti lù ú bolẹ̀, kí ló sì ṣe lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e? Oladejo kò tíì ní púpọ̀ nínú rẹ̀ létí ìlà. Mo ń gbàdúrà fún un, ṣùgbọ́n èmi ì bá má yàn án ní 52.

Ọmọ_Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Òṣogbo ni mo wà, òru ni mo fi ń wò ó nígbà tí iná bá wà, tí data kò sì tíì tán. Mo ń tẹ̀lé yín díẹ̀díẹ̀. Ìbéèrè méjì ni mo ní.

Èkíní, kí ni wọ́n ń ṣe gan-an ní Combine yìí? Ṣé eré sísá nìkan ni?

Èkejì, ní 2024 mo kà á pé wọ́n ń sọ pé ọwọ́ Olu Fashanu kéré jù. Ọwọ́ kẹ̀? Ẹni tó ga ju ilẹ̀kùn ilé wa lọ. Ó yà mí lẹ́nu títí di òní.

Àrẹ̀mọ_Houston

Ọmọ Òṣogbo, káàbọ̀. Ìbéèrè gidi lo béèrè.

Combine dà bí ìgbà tí wọ́n kó ẹṣin wá sọ́jà: gbogbo olùrà ló fẹ́ la ẹnu rẹ̀ wò. Wọ́n ń pe ọmọ tó lé ní 300 lọ́dọọdún. Yáàdì 40 wà níbẹ̀, fífò sókè wà, fífò síwájú wà, yíyí ara po láàrin kóònù wà, wọ́n á sì ní kí o gbé irin pọ́n-ùn 225 títí tí apá á fi kọ̀. Wọ́n á wọn gíga rẹ, ìwúwo rẹ, gígùn apá rẹ àti ọwọ́ rẹ. Lẹ́yìn náà àwọn ẹgbẹ́ á pè ọ́ sínú yàrá, wọ́n á bi ọ́ ní ìbéèrè lórí eré, lórí ilé, lórí ìwà.

Ní ti ọwọ́ Fashanu: wọ́n ní kí o la àwọn ìka rẹ, wọ́n á wọn láti orí àtàǹpàkò dé orí ọmọńdinrín. Tirẹ̀ jẹ́ íǹṣì 8 àti ààbọ̀, èyí tó kéré fún ẹni tó ń ṣe tackle. Iṣẹ́ tackle ni kó di àyà ẹni tó ń bọ̀ wá pa quarterback mú, kó má jẹ́ kó kọjá. Wọ́n ní bí ọwọ́ bá kéré, ìdìmú á rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lórí pápá. Penn State ló ti gbá bọ́ọ̀lù. Ní sáà 2022, eré mẹ́jọ péré ló bẹ̀rẹ̀ kó tó ṣèṣe, síbẹ̀ àwọn tó ń wo draft ti ń fi í sí ìpele àkọ́kọ́. Ó lè bá owó lọ. Ó padà síléèwé. Ní 2023 wọ́n kà á mọ́ àwọn tó dára jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ní 2024, Jets, tí wọ́n ní ipò 10, fi ipò náà sílẹ̀ fún Vikings, wọ́n sún sí 11, Fashanu yìí kan náà sì ni wọ́n fà jáde níbẹ̀. Ọwọ́ tí wọ́n ní ó kéré yẹn kò mú un bọ́ sẹ́yìn ju 11 lọ.

Ìyá_Ìbejì_Maryland

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i. Mo ti ń kà yín láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò kọ nǹkan kan rí.

Ibi tí Fashanu ti dàgbà, Waldorf, kò jìnnà sí wa. Ìbejì ni mo bí, ọkùnrin méjèèjì, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Kẹ́hìndé ń ṣe ìwé rẹ̀. Táíwò ló mú bọ́ọ̀lù yìí, ipò tí Fashanu ń gbá gan-an lòun náà ń gbá. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, èmi àti bàbá rẹ̀ kò fẹ́. A rò pé ìjà ni wọ́n ń jà.

Lọ́dún tó kọjá a sanwó fún un láti lọ sí ibùdó ìgbẹ̀kọ́ kan fún ọjọ́ méjì. Ọkùnrin kan níbẹ̀ wọn ọwọ́ rẹ̀, ó wọn apá rẹ̀, ó kọ ọ́ sórí ìwé, ó wá sọ fún un lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé apá rẹ̀ kúrú, pé kó lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ títí a fi délé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi gbé àṣọ bọ́ọ̀lù rẹ̀ jáde.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ lọ́wọ́ yín nìyí. Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n lè fi rúlà mọ ọmọ tó máa ṣe é? Ẹ má pọ́n mi lójú o. Tó bá jẹ́ òótọ́, ẹ sọ ọ́.

Tísà_Bọ́ọ̀lù

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọlọ́run á wò wọ́n fún yín.

Ẹ ní ká sọ òótọ́. Rúlà ní ipa tirẹ̀. Bí apá bá kúrú, ẹni tí apá rẹ̀ gùn á kọ́kọ́ kan ọmọ yín láyà kí tirẹ̀ tó débẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ń kà á, wọn ò sì ṣi i kà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ṣì ń ga. Ẹni tó bá fi rúlà dájọ́ ọmọ tí egungun rẹ̀ kò tíì dúró, tó tún sọ ọ́ lójú àwùjọ, kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Olusegun Oluwatimi fún yín, torí ọmọ Maryland lòun náà. Center ni, ẹni tó ń dúró láàrin gbùngbùn, tó ń ju bọ́ọ̀lù gba abẹ́ ẹsẹ̀ fún quarterback. Air Force ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó kúrò níbẹ̀ lọ sí Virginia, ó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ fún sáà mẹ́ta, ó wá lo èyí tó kẹ́yìn ní Michigan ní 2022. Lọ́dún yẹn, ó gba Rimington, tí wọ́n ń fún center tó dára jù, ó tún gba Outland, tí wọ́n ń fún ẹni tó dára jù láàrin ìlà, yálà ó ń kọlu ni tàbí ó ń gbèjà. Àmì ẹ̀yẹ méjèèjì lọ́dún kan! Draft dé, ipò 154 ni Seahawks ti yàn án. Ìpele karùn-ún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá lójú aago. Ṣùgbọ́n ó wọlé, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ eré fún Seattle.

Nítorí náà, rúlà àti aago lè sọ ibi tí wọ́n máa ti pè ọ́. Wọn kì í ti ilẹ̀kùn pa.

Physio_Dallas

Ẹ ti sọ̀rọ̀ lórí rúlà àti aago. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí orúnkún, torí iṣẹ́ mi ni, mo sì rò pé òun gan-an ló ń gbé àwọn ọmọ wa sókè sódò jù lọ.

Ohun tó wúwo jù ní Indianapolis kì í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń fa orúnkún, tí wọ́n ń yí èjìká, tí wọ́n ń wo àwòrán egungun. Àwa tó ń wo fídíò nílé kì í rí ìwé yẹn. Nígbà tí ọmọ tí a fi sí ipò 20 bá wá bọ́ sí 50, a ó máa pariwo pé ẹgbẹ́ wọ̀nyẹn gọ̀. Ó lè jẹ́ pé wọ́n rí ohun tí a kò rí.

Azeez Ojulari, láti Georgia. Ní sáà 2020, òun ló ní sack tó pọ̀ jù ní SEC, líìgì àwọn yunifásítì gúúsù, 8.5. Gbogbo wa ló fi í sí ìpele àkọ́kọ́ ní 2021. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ti ya rí nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama, ìròyìn rẹ̀ sì ń jà ràn-ìn. Giants yàn án ní ipò 50. Ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, sack mẹ́jọ. Kò sí ọmọ tuntun tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí ní Giants láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ sack sílẹ̀. Mo rántí ọ̀pọ̀ yín tó ń fi àwọn dókítà ṣẹ̀sín nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Eré méje ní 2022, mọ́kànlá ní 2023. Kì í ṣe orúnkún ni, iṣan itan àti iṣan ẹsẹ̀ ni. Ní oṣù kẹta 2025 ó gba Eagles lọ, àdéhùn ọdún kan péré. Àbúrò rẹ̀, BJ, tó ti LSU wá, Cardinals yàn án ní ipò 41 ní 2023. Ó ṣe dáadáa lọ́dún àkọ́kọ́. Nígbà ìgbẹ̀kọ́ 2024, orúnkún ya, gbogbo sáà lọ. Inú mi bàjẹ́ fún ìyá wọn. Ọmọ méjì láti inú ilé kan.

Ẹ wá gbọ́ ti iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Dayo Odeyingbo, Vanderbilt, tirẹ̀ já ní oṣù kìíní 2021 níbi tó ti ń múra sílẹ̀ fún draft. David Ojabo, Michigan, tirẹ̀ já ní oṣù kẹta 2022, lójú àwọn ẹgbẹ́ tó wá wò ó ní yunifásítì rẹ̀. Ìṣeṣe kan náà, ọjọ́ orí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Colts yan Dayo ní 54, Ravens yan Ojabo ní 45. Dayo ti padà sórí pápá kí ọdún yẹn tó parí, ó sì dára sí i ní sáà méjì tó tẹ̀lé e. Ní oṣù kẹta 2025, Bears fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́ta, mílíọ̀nù 48 dọ́là. Ojabo gbá ìwọ̀nba eré díẹ̀ ní sáà méjì àkọ́kọ́, orúnkún tún wá dá a dúró ní 2023.

Kí ló fà á? Oṣù méjì tó wà láàrin ìgbà tí tàwọn méjèèjì já kì í ṣe nǹkan kékeré fún iṣan yẹn. Ìyẹn apá kan. Apá kejì ni ohun tí Àrẹ̀mọ sọ, ṣùgbọ́n mo ń wò ó láti òdìkejì: Port Harcourt ni wọ́n bí Ojabo sí, Aberdeen ní Scotland ló ti dàgbà, ó sì ti ń lọ bí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù yìí ní New Jersey. Ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, ọdún kan tó bá pàdánù dà bí ọdún méjì. Dayo ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ kó tó ṣèṣe, ara nìkan ló ń dúró dè.

Àrẹ̀mọ_Houston

Àǹtí Physio, ẹ ṣeun gan-an ni. Èmi kò rò ó dé ibẹ̀ rárá. Mo ń rí pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àyè ìdàgbàsókè, mi ò ronú pé kò sí nǹkan kan nínú àpò tí ọmọ náà lè máa ná nígbà tí ara bá kọ̀.

Síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí n dárúkọ Adewale Ogunleye. Indiana ló ti gbá bọ́ọ̀lù, sack tó kó jọ níbẹ̀ di àkọsílẹ̀ yunifásítì náà. Sáà rẹ̀ tó kẹ́yìn, 1999, orúnkún ya. Ní draft 2000, kò sí ẹgbẹ́ kan tó dárúkọ rẹ̀. Draft tí wọ́n yan Tom Brady, quarterback tó padà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ní ipò 199 ni mo ń wí, kó lè yé yín bí gbogbo wọn ṣe ṣì í wò lọ́dún yẹn. Miami mú un lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n jẹ́ kó fi ọdún kan tọ́jú ara rẹ̀. Ní 2003, sack 15, kò sẹ́ni tó ní tó bẹ́ẹ̀ ní AFC, ìdajì kan nínú NFL.

Physio_Dallas

Ogunleye rí ẹgbẹ́ tó fún un ní ọdún kan. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà, àbúrò. Ọ̀pọ̀ kì í rí i.

Ọmọ_Peckham

Mo kí gbogbo yín láti London. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí kí n tó wọṣẹ́. Àwọn kan kì í gba yunifásítì rárá. Kehinde Oginni Hassan, láti Nàìjíríà tààrà, Chiefs mú un láti inú ètò International Player Pathway, tí NFL fi ń wá àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Osi Umenyiora, tí ilé ìwé rẹ̀ jẹ́ Troy, tí Giants yàn ní ipò 56 ní 2003, ló ń káàkiri Áfíríkà tó ń wá irú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Tísà, ẹ ní ọmọ tí kò ní àkísà kò ṣeé yàn. Àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ ní aṣọ. Báwo lẹ ṣe máa wo irú wọn?

Tísà_Bọ́ọ̀lù

Ọmọ Peckham, mi ò ní kò ṣeé yàn. Mo ní kò ṣeé yàn ní ipò 52. Ohun tó ń ná ẹgbẹ́ ni mo ń wò. Lórí ẹni tó wá láti Pathway, ẹgbẹ́ kì í sábà fi ipò draft kankan sílẹ̀. Ọ̀kan náà ni ìpele keje. Moro Ojomo, láti Texas, ipò 249 ni Eagles ti yàn án ní 2023, ó ku díẹ̀ kó má rí ẹni pè é. Ní oṣù kejì 2025, ó wà lára àwọn tó gba Super Bowl, eré àṣekágbá NFL, pẹ̀lú wọn, ó sì ń wọlé déédéé ní sáà yẹn. Ní ipò 249, ẹ gba ọmọ tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ipò 52 ni ìwọ àti ẹgbẹ́ rẹ ń retí ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ eré.

Ọmọ_Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n, ṣé owó náà yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàrin ipò kan sí èkejì?

Àrẹ̀mọ_Houston

Ó yàtọ̀ gan-an. Láti 2011 ni wọ́n ti dá iye tí ẹni tuntun lè gbà mọ́ ipò tí wọ́n ti yàn án, àyè àtijà owó kò sí púpọ̀ mọ́. Ọdún mẹ́rin ni àdéhùn ẹni tí wọ́n yàn. Ẹni ìpele àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ lè fi ọdún karùn-ún kún un. Ẹni tí wọn kò yàn ń gba ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n òun lè wo ẹgbẹ́ tó wù ú.

Ohun tó sì yí nǹkan padà fún àwọn ọmọ yunifásítì ni pé, láti oṣù keje 2021, wọ́n lè gbowó lórí orúkọ àti àwòrán ara wọn. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí ilé rẹ̀ kò rọrùn kò ní ṣe méjì, á sáré lọ. Ní báyìí, ẹni tí wọ́n bá fi sí ìpele kẹta lè ní "mo ń padà," kó lọ wá àkísà tí ẹ̀gbọ́n Tísà ń wí. Mo rò pé ó ń jẹ́ kí ó rọrùn fún wa láti wò wọ́n, torí eré tí a ó rí pọ̀ sí i.

Ìyá_Ìbejì_Maryland

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún bàbá wọn lálẹ́ àná. Tísà, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá jókòó ti fídíò ọmọ, kí ni ojú yín ń wá? Èmi kàn ń wo ibi tí bọ́ọ̀lù wà ni.

Tísà_Bọ́ọ̀lù

Ìyá Ìbejì, ẹ gbàgbé bọ́ọ̀lù náà. Ẹ fi ìka bo ibi tó wà tó bá ṣòro. Ọmọ yín nìkan ni kí ẹ wò láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti gbéra títí wọ́n á fi fun fèrè.

Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣé ẹ̀yìn ló gbé e sí, àbí òkè ló kàn gbé e sí? Tackle tó gbé ẹsẹ̀ sókè ti pẹ́ jù. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀: ibo ló kọ́kọ́ kan? Àyà ni kó kàn, kì í ṣe èjìká. Ẹ wo ìdí rẹ̀: ṣé ó ń jókòó bí ẹni tó fẹ́ jókòó lórí àpótí, àbí ó ń tẹ̀ ní ìbàdí? Ẹni tó bá tẹ̀ ní ìbàdí, wọ́n á fà á ṣubú síwájú.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí abala kẹrin eré, nígbà tó ti rẹ̀ wọ́n. Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀? Kí ẹ má sì mú eré tó dára jù nìkan. Eré mẹ́ta ni mo ń béèrè lọ́wọ́ òbí: ọ̀kan tó dára, ọ̀kan tí òjò rọ̀ tàbí tí ọmọ náà ń ṣòjòjò, àti èyí tí ẹnì kan ti fìyà jẹ ẹ́ jù lọ. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mo máa ń wò lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo ń wò ó bóyá ó yí nǹkan kan padà láàrin eré náà. Boye Mafe, tí Seahawks yàn ní 40 ní 2022, Senior Bowl, eré àfihàn àwọn ọmọ tó ń parí yunifásítì, ní Mobile ló gbé e ga. Ṣùgbọ́n èmi ti fẹ́ràn rẹ̀ kí ó tó débẹ̀, torí eré kan ní Minnesota tí wọ́n dí i mọ́lẹ̀ ní abala méjì àkọ́kọ́, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí gba inú nígbà tí wọ́n rò pé ìta ló ṣì máa gbà. Ní 2023 ó mú sack ní eré méje léraléra. Kò yà mí lẹ́nu.

Àrẹ̀mọ_Houston

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ mi fún mi báyìí. "Bóyá ó yí nǹkan kan padà." Ohun tí mo rí lára Oladejo láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé ìparí nìyẹn.

Tísà_Bọ́ọ̀lù

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n sáà kan lo fi rí i, àbúrò. Èmi ń wá a nínú eré kan ṣoṣo. Màá padà lọ wo tirẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, èyí tí wọ́n ti dí i mọ́lẹ̀ jù. Tí mo bá rí i níbẹ̀, màá kọ ọ́ síbí pé 52 tọ́ sí i.

Ìyá_Ìbejì_Maryland

Ẹ kú ọjọ́ mélòó kan. A jókòó tì í lálẹ́ àná, èmi, bàbá wọn àti Táíwò, Kẹ́hìndé ló ń bá wa tẹ fídíò. Mo fi ìka bo bọ́ọ̀lù náà bí ẹ ṣe wí. Eré tí wọ́n fìyà jẹ ẹ́ jù la kọ́kọ́ wò, ọmọ kan láti ilé ìwé mìíràn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń wọlé bàbá rẹ̀. Mo rò pé Táíwò máa dìde kúrò níbẹ̀. Kò dìde. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní kí Kẹ́hìndé dá a dúró, ó fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n, ó ní: "Mọ́mì, ẹ wo ọwọ́ mi, ìsàlẹ̀ ló wà. Kì í ṣe pé apá mi kúrú, mo pẹ́ gbé e sókè ni."

Òwúrọ̀ yìí ó ti wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú bàbá rẹ̀ kó tó tó aago mẹ́fà.

Tísà_Bọ́ọ̀lù

Ìyá Ìbejì, ẹ fi fídíò náà ránṣẹ́ sí mi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ jẹ́ kó kọ ìṣẹ́jú tó ti rí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí n lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.